Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo: kí ni àyẹ̀wò ọpọlọ ń wá?

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí wọ́n mú wá sílé ìwòsàn ọpọlọ. Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ ka nọ́ńbà fún un: "Ẹ̀ta, ẹ̀jọ, àrún." Ó ní kó kà á padà láti ẹ̀yìn. Ọmọ ní, "Àrún..." Ó dákẹ́, ó gbójú sókè àjà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan?"

Nílé, aláìgbọràn ni wọ́n ń pè é. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó ti ilẹ̀kùn, kó bu omi, kó sì mú síbí bọ̀, omi nìkan ló máa ń gbé dé. Wọ́n nà án títí, kò yí padà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbọ́, ó sì fẹ́ ṣe é, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò lè di nǹkan mẹ́ta mú pọ̀.

Dókítà ní láti mọ ohun tó fà á. Ìbànújẹ́ tó wọra lè gba àfiyèsí ọmọ. Wárápá lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ibà tó wọnú ọpọlọ. Fòníkú-fọ̀ladìde máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà nínú ọpọlọ àwọn ọmọ mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ fi ń ní kí ọmọ to búlọ́ọ̀kù, kó ya àwòrán, kó ka nọ́ńbà, fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n lè mọ ibi tó lágbára àti ibi tó ti ń kọsẹ̀.

David Wechsler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Bellevue ní New York, gbé irú ìdánwò ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn ọmọdé jáde ní 1949. 100 ni máàkì àárín. Ọmọ méjì lè gba 85, kí ọ̀kan mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa àmọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, kí èkejì sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ìtọ́jú wọn kò lè jẹ́ bákan náà.

Èdè wá ńkọ́? Ní 1980, àwọn olùwádìí méjì, Ellis àti Hennelly, fi hàn pé nọ́ńbà èdè Welsh máa ń pẹ́ lẹ́nu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìyẹn sì ń dín iye tí èèyàn lè rántí kù. Ẹ ka tiwa: láti ení dé ẹ̀sán, kò sí èyí tó jẹ́ sílébù kan. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "seven" (èje) nìkan ló ní sílébù méjì. Ẹni tó bá fi òdiwọ̀n ọmọ Amẹ́ríkà wọn ọmọ tó ń ka nọ́ńbà ní Yorùbá lè rẹ́ ẹ jẹ láìmọ̀.

Ẹ̀yin òbí, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní UCH Ìbàdàn àti ní ẹ̀ka ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá tó wà ní Òṣòdì. Bí wọ́n bá yẹ ọmọ yín wò, ẹ sọ fún wọn èdè tó ń sọ nílé. Ẹ má gba máàkì nìkan lọ sílé. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ibi tó ti ṣòro fún un, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kó máa rán an níṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan.