Bí Eegun Bá Dá Lójú Omi

 

Ọ̀rọ̀ eegun la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀kan nínú wa yọ̀ ṣubú lórí pákó tí a ń gbà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ti òun ti apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí. Ọwọ́ rẹ̀ dá. Àwa tí a wà níbẹ̀ la fi igi àti okùn dì í, àwa náà la ń pariwo pé, "Ẹ so ó le! Ẹ so ó le dáadáa!" Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ìka ti dúdú. Wọ́n ní láti gé ọwọ́ náà. Dókítà ní kì í ṣe eegun tó dá ló pa ọwọ́, okùn ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: bí eegun bá dá, ibẹ̀ á wú. Bí ìdè bá le jù, wíwú náà kò rí àyè, á wá fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, wákàtí díẹ̀ ló fi ń kú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe báyìí:

1. Ẹ má fà á, ẹ má nà án.

2. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ó tó wú.

3. Ẹ fi pákó tàbí àjẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí aṣọ rírọ̀ wà láàárín. Kí ó gùn kọjá oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi gèlè tàbí ọ̀já so ó, kí ìka lè wọ abẹ́ ìdè náà.

4. Ẹ jẹ́ kí orí ìka wà níta. Bí ó bá tutù, bí ó bá kú, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, tàbí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ tú ìdè náà kíákíá.

5. Bí ọgbẹ́ bá wà, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi bò ó. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí epo sí i.

6. Ẹni tó bá fi ọrùn tàbí ẹ̀yìn ṣubú, ẹ má gbé e jókòó. Orí pákó gbọọrọ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí.

Lẹ́yìn èyí, ó di ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa. Èyí tó bá le, ilé ìwòsàn ńlá wà ní ìlú Oǹdó, Ìgbòbí sì wà ní Èkó. Nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler ni wọ́n ṣe dá Ìgbòbí sílẹ̀; ọdún 1945 ni ó di ilé ìwòsàn eegun.

A kò bú àwọn bàbá tó ń to eegun. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n ti tọ́jú. Ṣùgbọ́n eegun tó yọ síta, tàbí ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ti tutù, kì í ṣe tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò eegun ná.

Ẹ bá wa ka ìwé yìí sétí ẹni tí kò mọ̀wé. Orí á máa ṣọ́ wa o.