Kápọ́ọ̀tì àti bí a ṣe ń lò ó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kápọ́ọ̀tì la ń pè é lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní kọ́ńdọ̀mù tàbí rọ́bà ìdáàbòbò. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ yàtọ̀ sí mímọ ìlò. Nínú obìnrin 100 tí ọkùnrin wọn ń lò ó bó ṣe yẹ nígbà gbogbo, nǹkan bí 2 ló ń lóyún lọ́dún; bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó gan-an, nǹkan bí 13 ni.

Ká wo ọjọ́ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀, ká fi ọwọ́ ya á, kì í ṣe eyín. Bí okó bá ti le (ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, a kò ní torí ìtìjú fi Faransé bò ó), ká fún ṣóńṣó kápọ́ọ̀tì kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, ká yí i wálẹ̀ títí dé ìdí. Bí àtọ̀ bá ti jáde, ká di ìdí rẹ̀ mú, ká yọ ọ́ kí okó tó rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ń lò ó.

Òrí ńkọ́? Rárá o! Òrí, àdí, fasilínì, epo ni gbogbo wọn, epo a sì máa ba rọ́bà jẹ́ títí yóò fi bẹ́. Ìpara olómi tí wọ́n ń tà nílé oògùn ni ká lò.