Aṣọ tí kò lè di àkísà

Jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà dára lára ọlọ́kadà, àmọ́ níbo ló ń gbà lọ nígbà tó bá gbó tán?

Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ń ka ojú ewé yìí mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Láyé ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé, aṣọ kì í ṣègbé. Èyí tí bàbá fi ṣe ọdún lónìí ni yóò wọ̀ lọ sóko ní ọdún mẹ́ta òní. Bó bá tún gbó sí i, ìyá á gé e, á fi dá bùbá fún ọmọ. Nígbà tí kò bá ṣeé wọ̀ mọ́, ó di àkísà nìyẹn, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ àkísà. Òun la fi ń ká òṣùká kí igi má baà dun ni lórí, òun la fi ń di egbò, òun la fi ń nu ilẹ̀, òun náà la fi ń ṣe òwú fìtílà. Èyí tó bá gbó kọjá gbogbo ìyẹn, bí a bá jù ú sí ààtàn, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Inú ilẹ̀ ni òwú ti hù, inú ilẹ̀ náà ló ń padà sí.

Ṣùgbọ́n aṣọ kan ti wọ àárín wa báyìí tí kò lè di àkísà láéláé. Bí ẹ bá fi nu omi, kò ní fa omi. Bí ẹ bá ká a ní òṣùká, á máa yọ̀ kúrò lórí. Bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sí i á bá a níbẹ̀. Aṣọ náà ni jákẹ́ẹ̀tì òtútù àti aṣọ òjò òkìríkà tí àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọdẹ alẹ́ àti àwọn ìyá tó ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí ń wọ̀ káàkiri Abẹ́òkúta àti àwọn ìletò Ẹ̀gbá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a wá bú àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Owódé wá sí Kútọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí lásìkò ọyẹ́, tàbí tí òjò Òkúdù ká mọ́ ojú ọ̀nà rí, kò ní bi ẹlòmíràn léèrè ìdí tó fi wọ jákẹ́ẹ̀tì. Tuntun rẹ̀ wọ́n, òkìríkà ni apá mẹ̀kúnnù ká. Ohun tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá bọ́ ọ sọnù.

Ibi tó ti ń wá

Kì í ṣe tìtorí ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni wọ́n fi ṣe àwọn aṣọ yìí. Àwọn tó ń gun òkè tí yìnyín bò, àti àwọn tó ń fi ọjọ́ ìsinmi rin inú igbó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí tuntun mìíràn bá dé, wọ́n á kó ti àná fún àwọn aláàánú. Àwọn oníṣòwò á rà á ní ìwọ̀n kílò, wọ́n á fún un mọ́ bélì, ó di inú ọkọ̀ ojú omi.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gba kí wọ́n kó aṣọ àlòkù wọlé. Ó wà lára àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé. Síbẹ̀, ó ń gba Kútọnu ní ilẹ̀ Benin wọlé, ó sì ń dé Katangowa l'Ékòó àti àwọn ọjà wa gbogbo. Ẹni tó ra bélì kò lè tú u wò kó tó sanwó. Bó bá délé, á bá èyí tí síìpù rẹ̀ ti já, èyí tó ya lábíyá, àti èyí tí rọ́bà inú rẹ̀ ti ń ṣí. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ rọ́bà yẹn, ìdí nìyẹn tí jákẹ́ẹ̀tì tó dà bí tuntun lónìí fi lè máa lẹ̀ mọ́ni lára, kó sì máa ré bí èèpo, kí ọdún tó yípo. Èyí tí kò bá tà nínú bélì náà, àdánù aláró-bọ̀ ni, ìdọ̀tí ìlú sì ni.

Nítorí pé ohun tí òfin dè kì í ní àkọsílẹ̀ tó jọjú, ẹ jẹ́ kí a wo Ghana, níbi tí òfin ti gba òwò náà láàyè. Obroni wawu ni wọ́n ń pe òkìríkà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni aṣọ òyìnbó tó ti kú. Kantamanto ní ìlú Accra ni ọjà rẹ̀ tó tóbi jù. The Or Foundation, àjọ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣírò rẹ̀ pé aṣọ tó ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kan tó mílíọ̀nù 15, àti pé nínú 100 tó bá wọlé, nǹkan bíi 40 ló ń di ìdọ̀tí. Àwọn oníṣòwò òkìríkà Ghana jiyàn, wọ́n ní èyí tó ń bàjẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè jiyàn aṣọ tó ti lọ́ pọ̀ bí okùn sí etí òkun Accra, tí àwọn apẹja ń fi àwọ̀n fà jáde dípò ẹja. Nígbà tí iná jó Kantamanto ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàdánù ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Òwò náà ń bọ́ èèyàn, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é

Epo rọ̀bì ni ìyá àwọn aṣọ yìí. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí pọliẹ́sítà àti náílọ́ọ̀nù. Lónìí, nínú gbogbo fọ́nrán tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ lágbàáyé, pọliẹ́sítà nìkan ju ìdajì lọ. Ìbátan ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà ni, kò ń jẹrà. Bí a bá ń fọ̀ ọ́, ó ń ré fọ́nrán tín-tìn-tín tí ojú kò rí sínú omi. Bí a bá dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ léwu fún àwọn tó ń fà á símú.

Lóríi ti aṣọ òjò, ọ̀rọ̀ tún kọjá bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS ni wọ́n fi ń kun ara rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Àwọn kẹ́míkà yìí kì í tètè tú nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi, àwọn onímọ̀ sì ti so àwọn kan lára wọn mọ́ àrùn jẹjẹrẹ. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè é nínú aṣọ láti ọdún 2025, wọ́n sì fún aṣọ òjò alágbára ní àkókò díẹ̀ sí i títí di ọdún 2028. Ilẹ̀ Faransé náà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2026. Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe. Àmọ́ ìbéèrè wa ni pé: èyí tí wọ́n ti rà sílé tẹ́lẹ̀, tí wọn ò fẹ́ mọ́, ta ni wọn yóò kó o fún?

Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn

Orí àpáta la tẹ Abẹ́òkúta dó sí ní ọdún 1830. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo àgbàrá láti orí òkè ló ń sáré bọ̀ wá sínú gọ́tà, láti ibẹ̀ sí odò Ṣókọrí, kó tó bọ́ sínú odò Ògùn. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ìkún omi oṣù Agẹmọ ọdún 2018 kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí omi tí kò rí ọ̀nà lè ṣe fún yín. A kò sọ pé jákẹ́ẹ̀tì ló fà á o. Ṣùgbọ́n bí aṣọ tí kò ń jẹrà bá há sẹ́nu gọ́tà, òun ló ń dá ọ̀rá, agolo àti iyanrìn dúró. Èyí tó bá sì ré kọjá ń bá odò Ògùn lọ sí ọ̀sà Èkó. Ìdọ̀tí tí a dà nù ní Lafẹ́nwá, aládùúgbò wa nísàlẹ̀ odò ló ń jogún rẹ̀.

Ká yẹ ilé tiwa náà wò

Àwọn kan á ní: ṣebí ká kúkú padà sí àdìrẹ àti òfì wa? A fara mọ́ ọn. Láti àwọn ọdún 1850 ni ìjọ CMS àti oníṣòwò Mánṣẹ́sítà kan, Thomas Clegg, ti ń rọ àwọn Ẹ̀gbá láti gbin òwú fún títà sókè òkun. Aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé, àwọn ìyá wa sì ń fi ìko dì í, wọ́n ń fi aró pa á, títí tí àdìrẹ Abẹ́òkúta fi di ohun tí wọ́n ń wá rà láti Ghana àti Senegal.

Àmọ́ kí a má tan ara wa. Ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa kọ́kọ́ ń lò. Wọ́n á gún ewé rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n rìbìtì, wọ́n á sá a, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá ni kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó dé. Ní ọdún 1936, ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, nítorí àṣẹ tí wọ́n pa pé kí wọ́n má lò wọ́n mọ́. Òpìtàn Judith Byfield sọ ìtàn náà nínú ìwé rẹ̀, The Bluest Hands, tó jáde ní ọdún 2002. Lónìí, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì ló gbòde, gọ́tà sì ni ọ̀pọ̀ ń da omi rẹ̀ sí. Bí àdìrẹ yóò bá jẹ́ ìdáhùn wa, a gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ṣe.

Kí ni ṣíṣe?

Àkọ́kọ́, àdìrẹ kò gba òjò. Ẹni tó nílò aṣọ òjò, kó ra ẹyọ kan tó dáa, kó sì tọ́jú rẹ̀. Síìpù tó já, ẹ fún àwọn aránṣọ tó ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká kiri àdúgbò, owó díẹ̀ ni wọn yóò gbà. Aṣọ kan tí a fi ọdún márùn-ún wọ̀ sàn ju márùn-ún tí a fi ọdún kọ̀ọ̀kan wọ̀ lọ.

Ìkejì, bó bá gbó tán, ẹ má sun ún, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Ara rẹ̀ ṣeé rán mọ́ ìjókòó ọ̀kadà, ó ṣeé rán ní àpò ọjà, èyí tó wà nínú rẹ̀ bí òwú sì ṣeé kì sínú tìmùtìmù.

Ìkẹta, fún aṣọ ojoojúmọ́, ẹ wá òwú. Ẹ̀rọ ló tẹ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, láti Ṣáínà ló sì ti wá. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, kí ẹ tanná ràn án. Bí òwú bá ni, á jó bí ìwé, á sì di eérú. Bí pọliẹ́sítà bá ni, á yọ́, á sì dì gan-an bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ìkẹrin kan ìjọba. Ní ọdún 2020, Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ṣí ọjà àdìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ará Ìtòkú lè tajà kárí ayé. Iṣẹ́ tó kù ni kòtò àjùmọ̀lò tí àwọn aláró á máa da omi aró sí, àti ibi tí a ó máa kó àkúfọ́ aṣọ jọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa kó aṣọ àlòkù lọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí yòókù. Bí wọ́n bá ti ń kó o jọ lọ́hùn-ún, àfi kí àwa náà mọ ohun tí a máa ṣe sí èyí tó bá dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú òwú tilẹ̀ sàn, atẹ́gùn á gbé e lọ, ilẹ̀ á sì gbà á. Aṣọ tí kò lè di eérú, tí kò sì lè di àkísà, ọwọ́ ọmọ wa ló máa bọ́ sí. Kí àkísà tí a ó fi lé wọn lọ́wọ́ jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè fi ká òṣùká.