Káńfọ̀ kọ́ ni oògùn jẹnẹrétọ̀ tó ń rú èéfín

Ẹni tó bá ń gba Coconut kọjá lọ sí Apapa kò ní í rò pé epo lè jẹ́ ìṣòro fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà. Ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn ọkọ̀ agbépo máa ń gbà lọ síbi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Ibafon, Kirikiri àti Apapa. Àmọ́ ẹ yà díẹ̀ sí Ajegunle, ẹ ó rí i pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní ‘I better pass my neighbour’ ni ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ àti télọ̀ fi ń jẹun. Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí jálá bẹntiróòlù kan kúrò ní iye tí kò tó igba náírà tó sì sún mọ́ 500, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi owó ṣòfò lórí ẹ́ńjìnnì mọ́. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sá fún oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà láti fi fọ èédú inú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n wá ń ju káńfọ̀ sínú táńkì. Àwọn mìíràn ń bu kẹrosíìnì tàbí asẹtóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ sí i. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú!

Epo tí kò jó tán ló ń di èédú. Kẹrosíìnì kì í tètè di oru bíi bẹntiróòlù, ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa kan gbà-gbà, ó sì tún ń fi èédú kún èédú. Káńfọ̀ lè tún dì nínú kàbọ̀rétọ̀ bí epo bá gbẹ, kó sì dí ihò kékeré tí epo ń gbà. Asẹtóònù ní tirẹ̀ máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ rántí oṣù kejì, ọdún 2022, nígbà tí àjọ NMDPRA sọ pé methanol pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo kan tí wọ́n kó wọ̀lú. Epo àdàlù kì í ṣeré.

Kí wá ni oògùn ilé tó ń ṣiṣẹ́? Ìta táńkì ló wà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí iná tàbí sìgá má sì sí nítòsí. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Bí ó bá dúdú tó sì gbẹ, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́: bó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ dáadáa. Bí ọ̀rá bá wà lára pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ wo ọ́ìlì tí ẹ ń pò. Kàbọ̀rétọ̀ àti sàláńsà tó dí, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì tú wọn, kó fọ̀ wọ́n lóde.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí gan-an ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ sábà máa ń gba ọ́ìlì ìwọ̀n kan sí epo ìwọ̀n 50. Ìyẹn ni pé lítà epo márùn-ún fẹ́ ọ́ìlì 100ml. Ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé tí wọ́n kọ 100ml sí lára ti tó fún ìwọ̀n. Ẹ wo ìwé tó bá tiyín wá, kí ẹ má sì fojú díwọ̀n mọ́, nítorí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù ló ń di èéfín àti èédú, èyí tó bá sì kéré jù ló ń jẹ ẹ́ńjìnnì.

Òótọ́ ni pé àwọn ojúlówó oògùn inú ìgò ní kẹ́míkà tó ń tú èédú, èyí tí kò sí nínú káńfọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn ọ́ìlì, tó ń fọ fílítà, kò ní í tètè nílò rẹ̀. Ìgò òfìfo kan lórí wíńdò ṣọ́ọ̀bù lè gba owó jẹnẹrétọ̀ tuntun lọ́wọ́ yín.