Owó tí a kò lè dá yí padà: Dassa-Zoumè, séfà àti gbèsè ìjọba

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kíní, ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA, tí a ń pè ní séfà, parí ìpàdé wọn ní Dakar. Wọ́n kéde pé láti ọjọ́ kejì, séfà 100 ni wọn yóò máa fi ra faranki Faransé kan. Séfà 50 ni wọ́n ti ń fi rà á tẹ́lẹ̀, òṣùwọ̀n náà kò sì tíì yẹ̀ láti ọdún 1948. Ẹnikẹ́ni kò dìbò sí i. Ẹni tó fi séfà 20,000 pamọ́ sínú àpótí ní Dassa-Zoumè lálẹ́ ọjọ́ yẹn bá a pé pérépéré lówùúrọ̀, àmọ́ ìdajì ohun tí ì bá fi rà lánàá ló kù tí ó lè fi rà lára ọjà òkè òkun.

Dassa ni ìlú àwọn Ìdàáṣà, ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sáàárín àwọn òkè olókùúta ní àárín gbùngbùn Bẹ̀nẹ̀. Òkè 41 ni wọ́n máa ń sọ pé ó yí ìlú náà ká. Ojú títì tó ti Kútọnu lọ sí Párákòú títí dé Niger ló wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Savalou ti yà. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà, òwú àti kajú ni wọ́n ń gbìn lágbègbè yẹn. Ọjà Glazoué kò jìnnà sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ṣábẹ̀ àti ààlà Nàìjíríà wà ní apá ìlà oòrùn. Séfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí náírà bá gbéra tàbí tó bá ṣubú, ọjà wọn yóò mọ̀ ọ́n.

Ìpàdé Dakar kọ́ ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1984 sí 1986, Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn ààlà rẹ̀ pa, owó tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń rí lórí ọjà tó ń gba Kútọnu kọjá sì gbẹ. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ilé ìfowópamọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti ìjọba ti wó, nítorí àwọn alágbára yá owó níbẹ̀ láìsan án padà. Nígbà tó di 1989, oṣù ń parí lé oṣù láìsí owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba Mathieu Kérékou tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú àjọ IMF àti Báńkì Àgbáyé: wọn yóò yá a lówó, òun náà yóò sì dín ìnáwó kù, yóò ta ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì ní gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì 1990 ni Àpérò Orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu, tí bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Àpérò náà ló gba agbára kúrò lọ́wọ́ Kérékou láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tó sì gbé Nicéphore Soglo, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, wá sí ìjọba.

Tí a bá ń sọ ìtàn Àpérò yẹn, òmìnira ni a sábà máa ń kọrin rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí kò wọlé ló kọ́kọ́ lé àwọn ènìyàn sí ìta.

Soglo ṣọ́wó ná bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Síbẹ̀ ohun kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, òun ni iye tí wọ́n ń gba séfà sí. Wọ́n so séfà mọ́ faranki Faransé, faranki yẹn sì le gan-an nígbà náà. Ní Nàìjíríà, láti 1986 tí ìjọba Babangida ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ńṣe ni náírà ń lọ sílẹ̀. Ọjà Nàìjíríà wá pọ̀ yanturu ní Bẹ̀nẹ̀, tí ó sì pọ́ọ́kú. Ohun tí àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bá gbé lọ sí òdìkejì ààlà ni yóò dà bí ọjà olówó iyebíye lójú ẹni tó ń ná náírà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó àjùmọ̀ná wà. Orílẹ̀-èdè tó ní owó tirẹ̀ lè jẹ́ kí owó náà wálẹ̀ nígbà tí ọjà rẹ̀ kò bá tà mọ́, kí ọjà rẹ̀ lè dínwó lójú àlejò. Ẹni tó bá wà nínú àjọṣe kò lè dá a ṣe. Owó kan fún orílẹ̀-èdè púpọ̀ dà bí aṣọ ẹbí tí wọ́n rán sí ìwọ̀n ẹnì kan: yóò fún ẹlòmíràn mọ́ra, yóò sì ṣò lára ẹlòmíràn. Lójú tèmi, kì í ṣe ara Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n fi wọn aṣọ ọdún 1994. Côte d'Ivoire àti Cameroon, tí iye kòkó àti kọfí ti já wálẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ni gbèsè ń fún lọ́rùn jù. Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan séfà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1993, Faransé sọ pé orílẹ̀-èdè tí kò bá ní àdéhùn pẹ̀lú IMF kò ní rí ìrànwọ́ owó òun mọ́. Houphouët kú ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá. Kò pé oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà tí séfà fi di ìdajì ní orílẹ̀-èdè 13 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é. Ká ní oògùn kan ń jẹ́ faranki 10 ní Faransé. Séfà 500 ni wọ́n fi ń rà á ní Bẹ̀nẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di 1,000. Ká ní òwú kan ń mú faranki 10 wọlé. Séfà 500 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun náà di 1,000. Nítorí náà, ẹni tó ń ta nǹkan sí òkè òkun rí owó, ẹni tó ń rà láti ibẹ̀ pàdánù. Òwú Bẹ̀nẹ̀ gbèrú ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ kan sì rí owó tí wọn kò rí rí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ òwú kan náà ló ń ra ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò tó ti òkè òkun wá. Òun náà ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Olùkọ́ ilé ìwé ní Dassa kò tilẹ̀ ní òwú tí yóò tà. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ọjà gbówó lórí ní Bẹ̀nẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ètò ìṣúná ọdún náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín Soglo àti àwọn aṣòfin. Ní 1996, àwọn olùdìbò lé e kúrò, wọ́n sì dá Kérékou padà.

Gbèsè náà ńkọ́? Faranki àti dọ́là ni ìjọba fi jẹ ẹ́, séfà ló sì fi ń gba owó orí. Bí séfà ṣe di ìdajì, gbèsè náà di ìlọ́po méjì lójú ẹni tó ń fi séfà san án. Ó di 2003 kí àwọn olówó tó wọ́gi lé apá kan nínú rẹ̀ lábẹ́ ètò ìrànwọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, wọ́n sì tún fojú fo òmíràn ní 2006.

Gíríìsì, tí òun náà wà nínú owó àjùmọ̀ná, gba ọ̀nà mìíràn. Ó wọ àjọṣe yúrò ní 2001. Nígbà tí gbèsè mú un ní 2010, kò ní owó tirẹ̀ tí yóò já wálẹ̀, àwọn tó kù kò sì ní já yúrò wálẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ohun tó kù tó lè gé ni owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti iṣẹ́. Wọ́n gé e lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2013, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá iṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ ajé ibẹ̀ sì sún kì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 2015 wọ́n ti ilé ìfowópamọ́ pa, yúrò 60 péré ni ẹnì kan lè gbà lóòjọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyà tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ jẹ nínú alẹ́ kan, ó gba àwọn ará Gíríìsì ní ọdún mẹ́jọ. Nínú ọ̀nà méjèèjì, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ló sanwó. Àwọn tó ti kó owó wọn lọ sí òkè òkun ṣáájú ni kò fara gbá a.

Láti 1999, yúrò ni wọ́n so séfà mọ́: séfà 655.957 fún yúrò kan. Ní oṣù Kejìlá 2019, Ààrẹ Alassane Ouattara ti Côte d'Ivoire àti Emmanuel Macron ti Faransé kéde ní Abidjan pé orúkọ séfà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yóò di eco, wọn kò sì ní fi ìdajì owó ìfipamọ́ sí ìṣúra Faransé mọ́. Wọ́n ti kó owó ìfipamọ́ náà kúrò níbẹ̀. Orúkọ kò tíì yí padà, òṣùwọ̀n náà sì dúró síbẹ̀.

Àǹfààní wà nínú èyí, kí n má parọ́. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, àwọn ará Ìdàáṣà rí bí nǹkan ṣe ń gbówó lórí lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà, séfà ọwọ́ wọn kò sì mì. Ṣùgbọ́n owó kan náà tí kò mì ló sọ iṣu wọn di ọ̀wọ́n lójú oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ìjọba Kútọnu kò lè fọwọ́ kan séfà, ó wá gba ọ̀nà mìíràn: láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin 2024, ó fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ lọ sí òkè òkun, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé lè máa fọ́ ọ nílé. Mo fara mọ́ èrò náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí àwọn tó lè ra kajú bá dín kù, agbára láti ná iye rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Kí wọ́n tó kéde iye kajú ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí àgbẹ̀ Dassa ti mọ iye yúrò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tà á lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́ ọ tán.