Ọjà Téjúoṣó: Ta ló padà wọlé lẹ́yìn iná 2007?

Tẹ́ ẹ bá ti lọ ra òkìríkà ní Yábà rí, ẹ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá Téjúoṣó nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni ọjà àtijọ́ jóná. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá gbé àtúnkọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá tó ṣí ọjà tuntun, tí ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ lé ní 2,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méje!

Ta ló lè fi ọdún méje dúró láì tajà? Owó iléèwé ọmọ ò kúkú ní dúró. Nígbà tí ilé sì parí, owó ṣọ́ọ̀bù ti ga ju agbára ọ̀pọ̀ àwọn tí iná jó lọ́jà lọ. Ìdí rẹ̀ ò fara sin: ẹni tó yáwó kọ́lé gbọ́dọ̀ rí owó ẹ̀ gbà padà, ara ṣọ́ọ̀bù náà ló sì ti máa gbà á. Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ṣófo lókè nìyẹn, tí àwọn ìyá wa ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì àti ojú irin.

Èkó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ń jà, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928. Àjọ yìí ló gé ilẹ̀ Yábà sí pulọ́ọ̀tì. Ní 1955, àjọ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní onílẹ̀ lè ra ilẹ̀ ẹ̀ padà, àmọ́ ìwọ̀nba ló rí owó ẹ̀ san.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu ṣí ọ̀nà rélùwéè Red Line, Yábà sì ní ibùdókọ̀ tirẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí rélùwéè bá dé, owó ilẹ̀ máa ń gòkè níbẹ̀.

Torí náà, tí wọ́n bá tún fi àwòrán ọjà tuntun hàn yín, ẹ má wo ẹwà ẹ̀ nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: èló ni ṣọ́ọ̀bù kan, ta ló sì máa kọ́kọ́ gbà á?