Ta Ló Sọ Nàìjíríà Lórúkọ, Inú Ìwé Wo Ló sì Wà?

Ẹni tó bá gun Òkè Patí ní Lọ́kọ́jà yóò rí ibi tí Odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń sọ ìtàn kan fún àlejò: wọ́n ní orí òkè yìí ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí, tó wo odò títí, tó fi sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn létí, ó sì ti wọ inú ọ̀pọ̀ ìwé. Àmọ́ ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìròyìn kan kò jẹ́ kó dúró.

Ìwé ìròyìn náà ni The Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 8, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1897. Shaw ni olóòtú ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn níbẹ̀ nígbà náà, inú rẹ̀ ló sì ti dábàá orúkọ yìí. Òun àti Lugard kò tíì fẹ́ra. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà tí Lugard fi máa ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ 1, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1900, tó kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí orúkọ náà pé ọdún mẹ́ta lórí bébà. Ẹni tó bá sì ka àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ yóò rí ohun tí ìtàn orí òkè kì í sọ: ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company nìkan ni Shaw ń sọ. Èkó kò sí nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ń ṣe fún olùwádìí nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ojúmọ́ ni. Ó ń jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n sọ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Síbẹ̀, ó ní ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ. Àṣà The Times nígbà yẹn ni pé wọn kì í fi orúkọ òǹkọ̀wé sí àpilẹ̀kọ, nítorí náà ẹni tó fẹ́ mọ̀ pé Shaw ló kọ ọ́ ní láti lọ bá àwọn òpìtàn.

Ọ̀dọ̀ àwọn òpìtàn yẹn ni jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀, wà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Journal of the Historical Society of Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Kí iṣẹ́ tó jáde nínú irú rẹ̀, olóòtú á fi í ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan náà. Wọ́n á tú u wò finnífinní, wọ́n á bi òǹkọ̀wé léèrè ibi tó ti rí ẹ̀rí, wọ́n sì lè dá a padà fún un. Ìdí nìyẹn tí àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé fi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwòrán àti ìpolówó ọjà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí.

Magasíìnì wà láàárín méjèèjì. West Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1917, àti Newswatch ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ ju ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń jáde, ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn ló kọ wọ́n, olóòtú ló sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú àwọn èèyàn ìgbà náà.

Orúkọ jọ́nà nìkan kò tó ṣá o. Ní 2013, akọ̀ròyìn kan, John Bohannon, hun ayédèrú ìwádìí nípa oògùn jẹjẹrẹ. Ó fi orúkọ àwọn onímọ̀ Áfíríkà tí kò sí láyé sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 gbà á, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ kẹ́mísìrì díẹ̀ yẹ kó rí àṣìṣe inú rẹ̀. Inú Science, jọ́nà ńlá ní Amẹ́ríkà, ló ti ròyìn ohun tó rí, abala ìròyìn ló sì ti jáde, kì í ṣe abala ìwádìí. Ó ṣe pàtàkì kí òǹkàwé mọ èyí, torí inú jọ́nà kan náà ni ìròyìn, lẹ́tà àti ìwádìí ti lè wà pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n yẹ̀ wò bákan náà.

Àwọn jọ́nà tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láìyẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ń pa ọ̀dọ́ onímọ̀ lára, torí orúkọ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀la. Kí ẹni tó ń wá jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà kọ́kọ́ wo African Journals Online, tó ti wà láti 1998, kó sì wo orúkọ àwọn olóòtú àti ilé-ẹ̀kọ́ wọn kó tó fọkàn tán èyíkéyìí.

Lọ́kọ́jà ti ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ láti 2011, ìtàn ìlú náà sì ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́ dáadáa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi ìtàn Òkè Patí sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kọ́kọ́ wá The Times ti ọjọ́ 8, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1897 kà.